Abẹ́rẹ́ Tí Kò Sí Oògùn Nínú Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ ènìyàn, kó fi ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ ná, kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò, kó máa tẹ́tí sí àwọn tó ń jáde. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oníhóró nìkan á máa kùn pé, "Wọn ò tiẹ̀ gún mi lábẹ́rẹ́." Ẹni tí wọ́n gún á máa tiro, á máa fọwọ́ pa ìdí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á fi hàn pé wọ́n ti ṣe é lóore. Ó sì lè jẹ́ oògùn kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Lójú ẹni tó ń kùn, oògùn tí kò dunni kò tíì wọra.

Ìyá mi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ṣọ̀wọ́n kí alẹ́ kan lọ kí aládùúgbò má wá kan ilẹ̀kùn wa. Àwọn tó ń wá máa ń mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà kí wọ́n tó dé. Àwọn kan fẹ́ kápúsù aláwọ̀ méjì, pupa lápá kan, yẹ́lò lápá kejì, nítorí wọ́n gbà pé òun nìkan ni inú rírun ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àwọn mìíràn ní àgbo tí kò bá korò, omi lásán ni. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa tí kì í fẹ́ rí hóró oògùn funfun bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ó ní oògùn tó máa bù kún ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa. Ìyá mi kì í bá wọn jiyàn. Bí mo bá bi í léèrè ìdí tí kò fi là wọ́n lóye, á ní, "Ṣé èmi ni mo ni ara wọn ni?"

Àwọn tó kàwé máa ń fi irú èrò yìí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn oníṣègùn fúnra wọn ti gbè sẹ́yìn àwọn aládùúgbò wa ju bí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ti rò lọ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dán oògùn tuntun wò, wọ́n máa ń pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan á gba oògùn gidi. Apá kejì á gba ohun tó jọ oògùn, tí kì í ṣe oògùn: hóró tí wọ́n fi ṣúgà tàbí ìyẹ̀fun ṣe, tàbí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fa omi iyọ̀ sí, èyí tí mo máa pè ní òfìfo. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní mọ èyí tó kan òun. Ohun tí wọ́n ń rí léraléra ni pé ara ọ̀pọ̀ àwọn tó gba òfìfo náà ń fúyẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ ìrora ni wọ́n bá wá. Abẹ́rẹ́ òfìfo a sì máa ṣiṣẹ́ ju hóró òfìfo lọ. Ní ti àwọ̀, àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Netherlands kó èsì oríṣiríṣi ìwádìí jọ lọ́dún 1996, wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn máa ń ka oògùn pupa, yẹ́lò àti aláwọ̀ ọsàn sí oògùn tó ń ta ara jí, wọ́n a sì máa ka aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé sí èyí tó ń mú ara wálẹ̀. Bàbá ẹ̀yìnkùlé wa kò dá nìkan wà.

Kì í ṣe oògùn wẹẹrẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ní ìlú Houston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Bruce Moseley kó àwọn aláìsàn 180 jọ, àwọn tí orúnkún ti ń ro fún ìgbà pípẹ́ nítorí oríkèé tó ti jẹ. Àwọn kan nínú wọn, ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: ó fọ inú orúnkún, tàbí ó ha ohun tó ti bàjẹ́ níbẹ̀ kúrò. Àwọn yòókù, ó kàn fi abẹ la awọ ara wọn, ó sì rán an padà, kò fọwọ́ kan ohunkóhun nínú. Gbogbo wọn ló ti mọ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ awọ lásán ni wọ́n máa là. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2002, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gidi fún kò sàn ju àwọn tí wọ́n la awọ wọn lọ. Bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń rìn ni àwọn wọ̀nyẹn ń rìn. Bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń gun àtẹ̀gùn ni àwọn wọ̀nyẹn ń gùn ún.

Àwọn kan á ní èrò ọkàn lásán ni, pé ẹni tó sọ pé òun gbádùn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Èmi náà ì bá gbà bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ohun tí wọ́n rí ní San Francisco lọ́dún 1978. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Levine, Gordon àti Fields, mú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín wọn, wọ́n fún wọn ní òfìfo, ìrora àwọn kan nínú wọn sì lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní oògùn kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dínà mọ́ mọ́fíìnì, oògùn líle tí wọ́n fi ń pa ìrora. Kò sí ẹni tó ti fún àwọn aláìsàn náà ní mọ́fíìnì kankan, síbẹ̀ ìrora wọn padà dé. Ohun tí èyí ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n gbà pé ìrànlọ́wọ́ ti dé, ara wọn fúnra rẹ̀ ti po irú oògùn tó jọ mọ́fíìnì láti fi pa ìrora náà. Ìgbàgbọ́ wọn ti di nǹkan tó ń ṣàn nínú iṣan.

Ṣáájú wọn, dókítà kan ará Amẹ́ríkà, Henry Beecher, ti rí apá mìíràn nínú ọ̀rọ̀ náà lójú ogun. Ó wà pẹ̀lú àwọn sójà tó ń jà ní Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́ gan-an: egungun ti kán, ìbọn ti dá ihò sí àyà, sí ikùn. Ó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n fẹ́ oògùn ìrora. Nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1946, ó ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló sọ pé àwọn kò nílò rẹ̀. Nígbà tó padà sílé tó ń tọ́jú àwọn aráàlú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún oògùn, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ tiwọn kò burú tó bẹ́ẹ̀. Àlàyé tó ṣe ni pé lójú sójà, ọgbẹ́ náà ni ìwé ìdáǹdè. Ogun ti tán fún un, ilé ló kàn. Lójú aráàlú, ọgbẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà: iṣẹ́ á dúró, owó á lọ, ikú lè dé. Ibi tí ọgbẹ́ ń mú ènìyàn lọ ló ń pinnu bó ṣe máa dùn ún tó.

Títí débí, ó dà bí ẹni pé ọ̀rẹ́ wa ni ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n Èkó ọdún 1990 kì í jẹ́ kí n sinmi lé ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló kọ́kọ́ gba ìgboro kan. Wọ́n ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti bọ ọkùnrin lọ́wọ́, tàbí tí ara wọn bá kan tirẹ̀ lásán, nǹkan ọmọkùnrin onítọ̀hún á pòórá, wọ́n á sì lọ fi ṣe ògùn owó. Kò pẹ́ tí ìrìn àwọn ọkùnrin fi yí padà. Ẹni tó ń sọdá títì á ki ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò, kó lè máa di ẹrù rẹ̀ mú. Àwọn obìnrin náà ń ká apá mọ́ àyà, nítorí wọ́n ní ọmú kò yọ sílẹ̀. Nínú mólùẹ̀, níbi tí èrò ti máa ń fún pọ̀ tẹ́lẹ̀, oníkálukú wá ń súnra kì. Mo rántí kọ́ńdọ́ kan tó ń ju ṣéńjì sí èrò lórí itan, kí ọwọ́ má baà kan ọwọ́. Lójijì ni ẹnìkan á figbe ta pé, "Ó ti gbé e lọ!" Kí ẹni tó fara kàn án tó la ẹnu, ọ̀pọ̀ èrò ti bò ó. Wọ́n lu àwọn kan ní àlùbami. Wọ́n lu àwọn mìíràn pa.

Oníṣègùn ọpọlọ kan, Dókítà Ilechukwu, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1992. Kì í ṣe Èkó ló ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Lọ́dún 1975, ní Kàdúná, ọlọ́pàá kan mú ọkùnrin méjì wá bá a ní ilé ìwòsàn. Ọ̀kan fẹ̀sùn kan èkejì pé ó ti gba nǹkan òun. Dókítà yẹ olùfisùn wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, ohun gbogbo wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó ní ṣe ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ní Èkó bí wọ́n bá bọ́ ṣòkòtò wọn níwájú èrò: á ní ó ti padà, tàbí kó ní ó ti kéré sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Irú ìbẹ̀rù yìí ti gba Singapore kan lọ́dún 1967. Ó gba Kútọnu lọ́dún 2001. Lọ́dún 2023, ó tún dé Àbújá, débi pé ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó ń pariwo láìsí ìdí.

Ìdáhùn tó rọrùn ni pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Àwọn kan pa irọ́ lóòótọ́, nítorí ibi tí èrò bá ti dàrú ni olè ti ń rí ẹrù kó. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé gbogbo wọn ni. Ẹ̀rù máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ sá kúrò ní awọ. Ọwọ́ á tutù, ẹsẹ̀ á tutù, ibi tí ẹran rẹ̀ rọ̀ á sún kì. Ọkùnrin tó ti gbọ́ ìròyìn náà láti àárọ̀, tó ti ń di ara rẹ̀ mú láti Ojúẹlẹ́gba dé Òṣòdì, tí àjèjì wá fara gbá a, ara rẹ̀ á bù rìrì, á sì rò pé nǹkan kan ti yí padà lábẹ́ ṣòkòtò òun. Nǹkan ti yí padà lóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lára rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ìgboro ló fún un ní orúkọ tó pè é. Ká ní kò gbọ́ ìròyìn yẹn rí, otútù tàbí ìpayà ni ì bá pè é, ì bá sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí ojú ń wá ni ojú ń rí. Ara náà ń wá nǹkan, ó sì ń rí i.

Ẹni tó bá rò pé àìmọ̀wé ló ń fa irú nǹkan báyìí, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ítálì. Oògùn kan wà fún àwọn bàbá tí ìtọ̀ ń dà láàmú nígbà tí ọjọ́ orí bá ti lọ. Ó lè dín agbára ọkùnrin kù fún àwọn kan. Àwọn dókítà sọ èyí fún apá kan nínú àwọn aláìsàn wọn, wọn kò sì sọ ọ́ fún apá kejì. Oògùn kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2007, nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kìlọ̀ fún ló ní agbára àwọn ti dín kù. Nínú àwọn tí wọn kò sọ fún, nǹkan bí 15 ni. Èrò kankan kò pariwo lé àwọn yìí lórí, ẹnikẹ́ni kò sì fara gbá wọn nínú ọkọ̀. Dókítà tó wọ aṣọ funfun ló la ẹnu, tó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ òtítọ́, ara sì gbọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn tí mò ń sọ yìí, ejò kò tíì bù wọ́n jẹ; wọ́n kàn sọ fún wọn pé ejò wà nínú igbó ni.

Ibi tí èrò mi fìdí kalẹ̀ sí rèé. A máa ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ bí ẹni pé ohun tí oníkálukú dá gbé pamọ́ sínú ara rẹ̀ ni: ìgbàgbọ́ tèmi, ìgbàgbọ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó dá ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe. Dókítà ló fún ẹni orúnkún, ìgboro ló fún ọkùnrin inú mólùẹ̀, àdúgbò ló kọ́ bàbá ẹ̀yìnkùlé wa pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ń pupa. Ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn la ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ara wa gbà gbọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi òye yìí kọ́ ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ wa ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta. Ó ka ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ, ó sì padà wálé. Ní Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Dípò kó ti àwọn tí orí wọn dàrú mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó ní kí ìbátan kan tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí àwọn méjèèjì máa gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká. Aláìsàn á wá gba ìtọ́jú òyìnbó lọ́sàn-án, á padà sáàárín àwọn tó ń dáná, tó ń fọṣọ, tó ń ta ayò lábẹ́ igi. Lámbò tún ké sí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà pé jọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà, ó sì dé ipò igbá kejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò sọ oògùn nù, kò sì sọ ìgbàgbọ́ nù. Ẹni tó gbà pé àwọn ará ilé bàbá òun ló fi wèrè ṣe òun, bí dókítà bá sọ fún un pé irọ́ ni, ìbẹ̀rù rẹ̀ kò kúrò; ṣe ló kàn mọ̀ pé dókítà náà kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí àárín ènìyàn ti bà lẹ́rù, àárín ènìyàn ló ti lè rí ìfọ̀kànbalẹ̀. Abúlé Àró ń ṣe apá yẹn. Oògùn inú ọsibítù ń ṣe apá tirẹ̀.

Ìyẹn náà ló gbé mi dé ibi tí mo ti ní láti dá ọ̀rọ̀ dúró, nítorí ẹni tó bá ka ohun tí mo ti kọ títí débí lè rò pé mo ń sọ pé ìgbàgbọ́ lè ṣe ohun gbogbo. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, makirofóònù sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká wo ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Boston, tó jáde lọ́dún 2011. Àwọn tó ní àìsàn ásímà, tí èémí wọn máa ń fún, ni wọ́n lò. Nígbà kan wọ́n á fún wọn ní oògùn gidi tí wọ́n ń fà símú. Nígbà mìíràn wọ́n á fún wọn ní òfìfo tó jọ ọ́. Ìgbà mìíràn sì wà tí wọn kò ní fún wọn ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á bi wọ́n pé báwo lara, wọ́n á sì tún fi ẹ̀rọ wọn bí èémí wọn ṣe ń jáde sí. Bí wọ́n bá béèrè lẹ́nu wọn, òfìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú oògùn gidi: wọ́n ní ìtura dé, nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Oògùn gidi mú kí èémí lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Òfìfo mú un lé ní bíi 7, iye kan náà tó lé nígbà tí wọn kò fún wọn ní nǹkan kan rárá.

Mo rò ó títí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àwọn aláìsàn yẹn kò parọ́: ìtura tí wọ́n ní àwọn rí, wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣì wà bó ṣe wà. Ẹni tí ásímà bá dìde sí lóru, tó gbẹ́kẹ̀ lé ìtura yẹn nìkan, lè kú pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsàn tó gba ojú ìmọ̀lára kọjá ni, nítorí kì í dunni. Dókítà ní kó máa lo oògùn lójoojúmọ́. Ó lò ó fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ le koko, ó sì dá a dúró. Nígbà tí mo bi í, ó fi ọwọ́ gbá àyà, ó ní, "Ṣé o rí i pé nǹkan kan ń ṣe mí ni?" N kò rí nǹkan kan. Òun náà kò rí nǹkan kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so apá ló rí i. Ohun tó tún jẹ́ kó ṣòro láti bá a sọ̀rọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé bó bá ti rí aṣọ funfun, ẹ̀jẹ̀ òun á ga sí i, tó bá sì wọ̀n ọ́n nílé, á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó fi èyí ṣe ẹ̀rí pé àwọn dókítà ló ń dá àìsàn náà sí òun lára. Òótọ́ ni pé ìpayà ilé ìwòsàn lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n tilé náà ṣì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ẹnu ìyá wa ló ti gbà á. Ìyá kò bá a jiyàn. Ó ní kó máa wá sọ́dọ̀ òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ẹ̀rọ náà, kó fi ojú ara rẹ̀ ka iye tó bá gbé jáde, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé yẹn ló mú un padà sídìí oògùn.

Ìgbà náà ni mo tó lóye ìdí tí ìyá mi kì í fi í bá àwọn aládùúgbò jiyàn lórí àwọ̀ kápúsù. Kò fi ohun tó yẹ kí wọ́n gbà du wọ́n rí, kò sì fún wọn ní oògùn tí kò yẹ nítorí àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń fún ènìyàn ní oògùn, á jókòó tì í. Á sọ fún un pé, "Èyí á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ooru bá mú ọ, má fòyà, ibà ló ń jáde yẹn." Mo rò nígbà náà pé ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ lásán ni. Àmọ́ Fabrizio Benedetti, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Turin, ti fi hàn pé irú ìjókòótì bẹ́ẹ̀ wà nínú iye tí oògùn ń ṣe. Nínú àwọn ìwádìí rẹ̀, ó fún àwọn aláìsàn kan ní oògùn ìrora lójú wọn, tí dókítà dúró tì wọ́n tó ń sọ ohun tó ń ṣe. Àwọn mìíràn, ẹ̀rọ ló rọra fa iye oògùn kan náà sí wọn lára láìjẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tó wọlé. Ìrora àwọn tí wọ́n fún lójú wọn lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí kò mọ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn wa àtijọ́ kì í já ewé fún aláìsàn kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n máa ń pe ọfọ̀ sí i, wọ́n máa ń pe orúkọ aláìsàn àti ti ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. N kò sọ pé ọfọ̀ ń pa kòkòrò ibà. Mo ń sọ pé wọ́n mọ̀ pé ẹni tí a ń tọ́jú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a ń tọ́jú òun.

Ó sì dùn mọ́ mi pé a kò nílò irọ́ láti ṣe é. Olùwádìí kan, Ted Kaptchuk, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú aláìsàn 80 tí inú ń dà láàmú, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2010. Wọ́n fún apá kan ní hóró òfìfo, wọ́n sì sọ fún wọn gbangba pé òfìfo ni, pé kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ìwádìí ti fi hàn pé ara lè dáhùn sí i. Wọn kò fún apá kejì ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 59 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo òfìfo ní ìtura ti dé; nínú àwọn yòókù, 35. Ìtọ́jú tó fi òtítọ́ ṣe ìpìlẹ̀, tó sì fi ọ̀yàyà sọ ọ́, ti tó láti ran àwọn kan lọ́wọ́.

Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń kí aláìsàn. A á wọlé, a á pàtẹ́wọ́, a á ní, "Háà! Ṣé ìwọ náà rèé? O mà ti rù o!" A á jókòó, a á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹni tí irú àìsàn yìí pa lọ́dún tó kọjá. Bí a bá tún jẹ́ onígbàgbọ́ líle, a á bi í bóyá ó ti yẹ ilé bàbá rẹ̀ wò, nítorí ojú lásán kọ́. Lẹ́yìn náà a á gbàdúrà, a á fi ọsàn sílẹ̀, a á lọ. Àwọn tó gbọ́n lára wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rántí rẹ̀. Aláìsàn tó dùbúlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń wọ̀ lára jù, nítorí kò ní ibi tó máa sá sí.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ara mi bí mo bá ń lọ kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Àkọ́kọ́ ni pé kí ni ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò àti dókítà wí? Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹnu mi lè yí padà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí aláìsàn da oògùn rẹ̀ nù nítorí ìgbàgbọ́ ti rán ìgbàgbọ́ ní iṣẹ́ tí apá rẹ̀ kò ká. Èkejì ni pé kí ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ sí ẹni yìí lára bí mo bá dìde? Ìyẹn wà ní ìkáwọ́ mi pátápátá. Ìrora rẹ̀, oorun rẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀, agbára tó máa fi dìde láti lo oògùn tó kù, gbogbo wọn ló ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Bí mo bá sọ ọ́ dáadáa, mo ti wà lára àwọn tó tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ lọ́nà òdì, mo ti wà lára ohun tó ń ṣe é.